Tọ́ọ̀ṣì Bàbá Jẹ́jẹ́

Hull, Ìlú Ọba
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú ìjókòó lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀. Ẹ ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí fóònù, afẹ́fẹ́ ló ni ín, nítorí náà mo tún ti jókòó síbi tábìlì. Àǹtí Motọ́láyọ̀ àbúrò yín yóò bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bí ìṣe rẹ̀.

Mo gbọ́ pé ọkọ̀ yín tún kú láàárín Inísà sí Òkukù, pé ilẹ̀ ṣú bá ẹ̀yin àtèrò nínú igbó, tí ẹ wá ń fi iná fóònù oní-fóònù wo ẹ́ńjìnnì. Bàbá, ìròyìn àwọn ajínigbé tí mò ń gbọ́ níbí kò jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣíwọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Mo fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kan rán Ọmọ́dára ọmọ ìjọ yín tó ń bọ̀ wálé. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, inú àpò ṣẹ́ẹ̀tì ló ń gbé. Àwọn tó ṣe é kó ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù yan èyí tó fẹ́. Mo ti bá yín yàn án. Èyí tó ń ṣẹ́jú wàì-wàì, mo ti pa á mọ́, torí àwọn fijilanté wa kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú nínú igbó. Mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́ kéré gan-an, mo sọ ọ́ ní Òṣùpá: ẹ lè fi ka Bíbélì láìjí ẹnikẹ́ni nínú ilé, bátìrì kì í sì í tán lórí rẹ̀ bọ̀rọ̀. Èkejì ni Àbẹ́là, fún ẹ́ńjìnnì àti fún ìrìn. Ẹ̀kẹta ni Oòrùn. Ìyẹn máa ń gbóná lọ́wọ́, ó sì máa ń fa bátìrì mu bí ẹní fa ẹ̀kọ. Ẹ má fi í ṣe ìlò ojoojúmọ́. Òṣùpá ni kí ẹ fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Èmi ni ọmọ yín tí àyà rẹ̀ kì í balẹ̀,
Adédùntán


Inísà
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kẹwàá, 2024

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Òtútù ibẹ̀ yẹn ò ní ríbi wọlé sí ọ lára. Ọmọ́dára dé, ó sanra, ó gbé tọ́ọ̀ṣì fún mi níwájú ènìyàn, inú mi sì dùn. Mo gbé e lọ bá pásítọ̀ kó gbàdúrà sí i. Ó fẹ́ ta òróró sí i lórí, mo ní kó má wulẹ̀ ta á, iná ni.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà ńbẹ̀. Wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Òṣùpá tí o wí yẹn kò yọ. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dúró, mo tún tẹ̀ ẹ́, mo gbé e sókè bí àwọn Mùsùlùmí tó ń retí oṣù ààwẹ̀. Kò yọ. Àbẹ́là ń gbìyànjú díẹ̀. Oòrùn nìkan ni ọmọlúàbí nínú wọn.

Àti pé ta ló ní kí o máa bá mi yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀? Nígbà tí mò ń fi àtùpà kọ́ ọ ní ìṣirò, ṣé mo rẹ iná náà sílẹ̀ fún ọ kí kẹrosíìnì má baà tán? Yọ Òṣùpá kúrò, kí o sì bá mi wá èyí tó le ju Oòrùn lọ síbẹ̀.

Ní ti kí n máa ṣíwọ́ kí oòrùn tó wọ̀, èrò ò jẹ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè mí báyìí láti Òkukù dé Ìkìrun. Wọ́n ní nínú gbogbo awakọ̀ ọ̀nà yìí, èmi nìkan ni kì í sáré. Àwọn ìyá arúgbó a máa jókòó sí gáràjì kí ọkọ̀ mìíràn kún lọ, kí wọ́n ṣáà lè wọ tèmi. Bí màmá rẹ bá wà láyé ni, ì bá rí ọlá.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Díákónì Jóẹ́lì Adépọ̀jù


Hull
Ọjọ́ kejì, Oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọlá. Mo bá yín yọ̀. Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ yíyan. Ẹ̀kọ́ iná ni mo kọ́ ní Pólì, ẹni tó bá sì kọ́ṣẹ́ iná kì í lè rí bọ́tìnnì kó má fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n mo dán Òṣùpá wò kí n tó dì í. Mo wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo tàn án sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo rí gbogbo ìlà ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ yàrá, ẹ ti fèrèsé, ẹ jókòó díẹ̀ kí okùnkùn bá yín lára mu, kí ẹ tó tàn án. Bí kò bá wá yọ lóòótọ́, ẹ di bọ́tìnnì mú láìjuwọ́ sílẹ̀ títí tí yóò fi ṣẹ́jú, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Yóò fò kọjá Òṣùpá, yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti orí Àbẹ́là.

Nǹkan kékeré kan: ìwé yín tí Àǹtí ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ọ̀rọ̀ yín bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀, títí tí “Adépọ̀jù” fi parí sára tábìlì. Ṣé inú ọkọ̀ ni ẹ ti kọ ọ́ ni?

Ọmọ yín,
Adédùntán


Inísà
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kọkànlá, 2024

Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé dáadáa lo jí? Mo di bọ́tìnnì mú bí o ṣe wí. Inú ìjọ ni mo wà, ní ìsìn ìrọ̀lẹ́, mo rò pé ibi tí ó ti yẹ kí n ṣe é nìyẹn, torí iná ìjọba ò sí. Bóyá mo dì í mú pẹ́ jù ni o, èyí tí o ní o ti pa mọ́ jí dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wàì-wàì lára ògiri. Onítẹ̀bọmi ni wá, a kì í ṣubú, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣubú. Olórí akọrin rò pé ọlọ́pàá ló dé, ó gba fèrèsé jáde. A kò tíì mọ ohun tó ṣe.

Òṣùpá ti kúrò, kó máa lọ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n Àbẹ́là náà ti kú wàyí. Oòrùn nìkan ló kù, òun pàápàá ń wọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, kò sí ojúlówó nǹkan láyé mọ́. Mo pààrọ̀ gílóòbù iwájú ọkọ̀, mo tún un pààrọ̀, ó ń pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Jẹnẹrétọ̀ ìjọ náà, iná rẹ̀ ti di èéfín. Ti òpópónà Ìkìrun náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ti ba gbogbo ìmọ́lẹ̀ jẹ́.

Ìlà tí o ní mi ò tẹ̀lé, tábìlì ni ò dúró dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Díákónì Jóẹ́lì Adépọ̀jù


Hull
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kọkànlá, 2024

Àǹtí Motọ́láyọ̀ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí, ẹ má kà á fún Bàbá, ẹ má sì fi í sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Tọ́ọ̀ṣì bàjẹ́, mo gbà. Iná ọkọ̀ bàjẹ́, mo gbà. Ta ló wá ba ti ìjọ jẹ́, ta ló ba ti òpópónà Ìkìrun jẹ́? Àǹtí, mo ti ka ìwé yẹn ní àkàtúnkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì náà wọ yàrá ẹrù tí kò ní fèrèsé. Ẹ di bọ́tìnnì rẹ̀ mú títí yóò fi ṣẹ́jú kí Òṣùpá lè padà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó fúnra yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe Bàbá wọlé. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ sí mi. Ẹ má fi àdúrà lú u.

Ọmọ yín,
Adédùntán


Inísà
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kejìlá, 2024

Adédùntán,

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ níbi tí o wà. Mo ti ṣe bí o ṣe wí, ǹ bá má ti ṣe é.

Mo wọ yàrá ẹrù, mo tan Òṣùpá. Ó yọ o. Mo fi í ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí mo fi ń ran kọ́là. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Mo dì í mú síwájú wọn, iná wà lára aṣọ wọn, mo ń rí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn, mo rí ibi tí òwú rẹ̀ ti ń já. Wọ́n ní, “Motọ́láyọ̀, tàn án ná, o ń fi mí ṣeré.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí nǹkan kan ni?” Wọ́n ní, “Kí ni mo fẹ́ rí? O ò ì tàn án.”

Mo ní bátìrì ló kú. Irọ́ ni mo pa.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń bu omi nírọ̀lẹ́, ìka ni wọ́n ń tì bọ inú ife kí wọ́n tó mọ̀ pé ó kún. Lánàá ni wọ́n kí aṣọ tí mo sá sórí okùn, wọ́n sì bínú pé kò dá wọn lóhùn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lẹ́kọ̀ọ́.

Láàárọ̀ yìí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde. Ó kún.

Àǹtí rẹ,
Motọ́láyọ̀


Hull
Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, ẹ fi èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì gbà á. Tọ́ọ̀ṣì kò bàjẹ́. Wọn ò rẹ́ mi jẹ. Ojú yín ni, Bàbá.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ lẹ́nu ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ ń kó ènìyàn. Àwọn ìyá arúgbó tó ń dúró de ọkọ̀ yín ní gáràjì, wọ́n rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni kò jẹ́ kí ẹ máa sáré. Ta ló ń sáré níbi tí kò ríran? Ẹ fún Àǹtí ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lónìí. Ẹ bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Òṣogbo. Mo bẹ̀ yín.

Adédùntán


Hull
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ Kérésì. Ẹ ò fèsì. Mo pè, fóònù yín kú. Mo pe Àǹtí, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọn ò padà pè mí. Lánàá mo wa ọkọ̀ ẹrù ilé iṣẹ́ wa kọjá ilé tí mo fẹ́ já ẹrù sí, mo tún padà, mo tún kọjá rẹ̀, torí pé ọ̀nà Òkukù ni ọkàn mi wà. Nígbàkúùgbà tí fóònù bá dún, mo máa ń rò pé ẹni tó fẹ́ sọ ìròyìn burúkú fún mi ni.

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sórí ìwé. Ẹ ṣáà kọ ọ́.

Adédùntán


Inísà
Ọjọ́ kẹrin, Oṣù Kìíní, 2025

Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ kú ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún náà ò kí èmi. Mo rí ìwé rẹ méjèèjì. Inú bí mi. O fi àbúrò mi ṣọ́ mi nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Mo ka ìwé rẹ, mo fi í sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, mo jókòó lé e, mo sì wa ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun.

Jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe ń wà á fún ọ. Mo ń rí iwájú gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti di ògiri. Bí ilẹ̀ bá wá ń ṣú, iwájú náà a di èéfín. Ìyá Ìrètí tó ń ta òkìrìkà ní Ìkìrun ló máa ń jókòó tì mí níwájú. O mọ̀ ọ́n, obìnrin tí kò lè rí ewúrẹ́ kó má kí i. Bó bá ké pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Peace!” sí ọ̀tún, mo mọ̀ pé ènìyàn wà lọ́tùn-ún, mo fà sósì. Bó bá kí ti òsì, mo fà sọ́tùn-ún. Bó bá dákẹ́, ọ̀nà ṣófo nìyẹn. Mi ò gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé torí Jésù ni.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé òun àti Tíṣà Ọlábímpé ò kíra mọ́. Wọ́n ti jà lórí ẹni tí yóò dúró síwájú nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí Kérésì ku ọ̀la, ní ìrọ̀lẹ́, Tíṣà ń bọ̀ lẹ́bàá títì níbi tí ọ̀nà Eko Ende ti yà. Ìyá Ìrètí rí i. Ó gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó dákẹ́. Mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà, mo sì wa ọkọ̀ lọ sínú rẹ̀.

Igbe ni mo gbọ́. Dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ já báàgì gbà léjìká rẹ̀, òun sì bẹ́ sí kòtò. Ọwọ́ rẹ̀ kán. Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ nìkan ni o, ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá òkú ló wà ní kòtò tàbí alààyè, torí mi ò rí kòtò.

Ìyá Ìrètí ní, “Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ ò rí i ni?”

Mo ní, “Ìwọ náà, o ò lè kí i ni?”

Àwọn èrò ọkọ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n rò pé ìjà akọrin ni mò ń dá sí.

Èyí tó burú jù ni pé wọ́n dúpẹ́ lórí mi. Wọ́n ní bó bá jẹ́ awakọ̀ mìíràn ni, ìsìnkú là bá máa sọ. Wọ́n pè mí jáde níwájú ìjọ lọ́jọ́ ọdún, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì dúró níbẹ̀. Mi ò bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀ rí, àní nígbà tí mo wà nínú igbó tí ọkọ̀ kú.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Motọ́láyọ̀. Èmi ni mo gbé e fún un. Kó má baà sọ fún ọ pé òun ló gbà á.

Bàbá rẹ


Hull
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun. Ẹ lọ sọ òótọ́ fún Tíṣà kí ẹnu ayé tó sọ ọ́ fún un. Ẹ lọ sí Òṣogbo lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ má sọ pé ó di lẹ́yìn ìdúpẹ́ ọdún. Mo ti ń kàwé nípa ojú láti àná, mo ti rí ohun tí ó yẹ kí n má rí. Ẹ ṣáà lọ.

Adédùntán


Inísà
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kejì, 2025

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Motọ́láyọ̀ ló ń kọ èyí, èmi ni mò ń sọ ọ́. Bí ìlà bá tọ́, má gbàgbé ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Mo lọ bá Tíṣà Ọlábímpé. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi àgbàlagbà. Mo sọ ti ojú, mo sọ ti ìkíni, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní, “Ẹ fi tiyín sílẹ̀ ná, Bàbá. Ṣé Ìyá Ìrètí rí mi?” Mo ní ó dà bí ẹni pé ó rí i. Ó ní òun ti dárí jì mí. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹnì kejì.

A dé Òṣogbo. Dókítà náà, obìnrin ni, kò lè jù ọ́ lọ. Wọ́n mú mi wọ yàrá kan tó ṣókùnkùn, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, wọ́n di ojú kan, wọ́n fi bọ́tìnnì sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn iná wẹ́wẹ́ yóò máa yọ, òmíràn á mọ́lẹ̀, òmíràn á ṣe bàìbàì. Èyí tí mo bá rí ni kí n tẹ̀ fún. Mo rí díẹ̀. Lẹ́yìn náà mi ò rí nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń dún jẹ́jẹ́, mo sì mọ̀ pé iná ń yọ níbi tí n kò sí. Ẹ̀rù bà mí, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀rù náà bà mí dé eegun. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fun fèrè ọkọ̀ ní gáràjì.

Dókítà ní, “Bàbá, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ níbi tí iná kankan ò sí.”

Mo ní, “Mo fẹ́ yege ni.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní omi inú ẹyinjú mi ló ń fún iṣan ojú pa, ó ti pẹ́. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, pé oògùn tí mo bá ń kán síbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ ni yóò dá ìyókù dúró. Ó ní mi ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ mọ́ láyé mi.

Ó wá bi mí bóyá mo lọ́mọ. Mo ní mo lọ́mọ kan, ó wà ní Ìlú Ọba, ó ń wa ọkọ̀ ẹrù. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní àrùn yìí máa ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, kì í dunni, kì í kìlọ̀, ẹni tó ní in á rò pé iná ilé ló bàjẹ́. Ó ní kí o lọ yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá.

Lọ. Èmi lọ nígbà tí o rán mi. Bí wọ́n bá sì gbé ọ síwájú ẹ̀rọ yẹn, má ṣe bíi tèmi. Má tẹ ohun tí o ò rí.

Bàbá rẹ,
Jóẹ́lì


Hull
Ọjọ́ kìíní, Oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ojú, ẹ kú ìkánsójú. Ẹ kí Àǹtí fún mi. Mo sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan, mo ní iṣẹ́ pọ̀; mo tún sún un, mo ní òjò. Lónìí mo lọ.

Ẹ̀rọ kan náà ni. Wọ́n kọ́kọ́ di ti òsì, mo fi ti ọ̀tún wò ó. Ó dára, mò ń rí wọn, àwọn tó mọ́lẹ̀ àtàwọn tó ṣe bàìbàì, mò ń tẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé mo ti ń ro oúnjẹ tí n ó sè.

Wọ́n wá di ti ọ̀tún. Ó yọ, mo tẹ̀ ẹ́. Ó yọ, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń dún jẹ́jẹ́, bí ẹ ṣe wí. Mo dúró. Ó tún dún. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì, Bàbá, ó ń wù mí bí oúnjẹ ṣe ń wu ẹni ebi ń pa.

Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́, ó ń dún, mi ò sì tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ yín,
Adédùntán